Ọdún Tí Ìbejì Ilé Wa Ń Du Ipò Kan Ṣoṣo

Láti inú yàrá ni mo ti máa ń mọ ẹni tó wà níta. Bí Táíwò bá ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ọgbà, ìró kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́, gbàà, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọ̀pá na tábìlì, lẹ́yìn náà màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tó ti fò gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ Kẹ́hìndé ni, ìró á máa tẹ̀lé ìró bí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá wa nígbà tó bá ń lọ geere: gbì, pá, gbì, pá. Gbì nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ògiri, pá nígbà tó bá bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ awọ. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti jáde ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ háyà yàrá ní Yaba, ṣùgbọ́n bí ọmọ aládùúgbò bá ń ju nǹkan mọ́ ògiri láàárọ̀ Sátidé, mo ṣì máa ń dákẹ́, màá máa tẹ́tí bóyá màá dá a mọ̀. Ta nìyẹn nínú àwọn méjèèjì? Àyà mi á já díẹ̀, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti tán tipẹ́, pé kò sẹ́ni tó kú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kú nígbà náà pàápàá. Èmi nìkan ni mo rò bẹ́ẹ̀. Bóyá kì í ṣe èmi nìkan.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ilé wa wà, ilé pẹtẹlẹ̀ tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba àárín wọn kọjá lọ sí ilé ìdáná àti kànga. Kò sí àkókò kan tí ilé náà dákẹ́. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ jí, kí wọ́n tó pe ìrun ní mọ́sálásí tó wà ní ìkángun àdúgbò. Lẹ́yìn ìrun ni garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn nídìí kànga. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá wa, tí wọ́n gbé sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya, a kì í sábà rí wọn, nítorí náà ọwọ́ Màmá wa àti Ìyá Àgbà ni àṣẹ ilé wà. Ìyá Àgbà ló bí Màmá wa. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wẹ ìbejì nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn, wọn ò sì padà mọ́. Yàrá tó wà lẹ́nu géètì ni àbúrò Màmá wa ọkùnrin ń gbé. Olùkọ́ eré ìdárayá ni wọ́n ní ilé ìwé kan, ṣùgbọ́n bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó àti Mushin jọ, wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kó wọn lọ sí pápá oníyanrìn kan tí kò jìnnà sí Stadium. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Kóòṣì. Àwa ń pè wọ́n ní Bọ̀dá Kóòṣì.

Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò jọ ara wọn rárá. Táíwò ga, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bó bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, ohùn rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kẹ́hìndé kéré sí i, ó sì máa ń wo nǹkan pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣáájú kó lọ wo ayé wá, bí wọ́n ti máa ń sọ. Táíwò ò gbà. Bó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á tẹrí ba fún un nídìí kànga, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń sùn nígbà tí mò ń jìyà ọ̀nà, ẹ káàárọ̀ o.” Kẹ́hìndé á da omi sí i lára. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Ìdòwú. Wọ́n ní Ìdòwú máa ń lórí kunkun. Mo wá orí kunkun náà títí lára mi, mi ò rí i. Ẹ̀rù ni mo ní. Bí ẹnikẹ́ni bá gbóhùn sókè nínú ilé, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo ṣe, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ṣe ń rí títí di òní, níbi iṣẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà lórí fóònù.

Òfin kan wà tí kò sẹ́ni tó lè rú nínú ilé wa: ohun tí a bá ṣe fún Táíwò, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Bí a bá ra ṣòkòtò fún ọ̀kan, a ó rà fún èkejì. Bí olùkọ́ bá na ọ̀kan, Màmá wa á wá ẹjọ́ èkejì rí. Ìyá Àgbà ló ń ṣọ́ òfin yìí, wọ́n sì nídìí. Kí wọ́n tó bí Bọ̀dá Kóòṣì, wọ́n ti bí ìbejì kan. Nígbà tí àwọn ìbejì yẹn ń rìn, ó ku díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé, Ìyá Àgbà lọ ra bàtà fún wọn, wọ́n rí èyí tó bá ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé mu, wọn ò rí ti Táíwò. Wọ́n ní kò burú, ọjà mìíràn ń bọ̀. Kí ọjọ́ ọjà náà tó pé, ibà mú Táíwò, ó sì kú. Kẹ́hìndé rẹ̀ ti di bàbá ọmọ báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Onígbàgbọ́ ni Ìyá Àgbà, wọn kì í pa ìsìn Sunday jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì gbà pé Táíwò rí bàtà lẹ́sẹ̀ ìkejì rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó sì padà síbi tó ti wá. Wọn kì í pariwo bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé, Ìyá Àgbà ń se ẹ̀wà fún ìbejì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa ẹ̀wà náà, kí n yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Epo pupa á pọ̀ nínú rẹ̀, àlùbọ́sà á ta sánsán dé ẹnu géètì, àwọn ọmọ àdúgbò á wá gba tiwọn sínú abọ́. Àwo tánganran ńlá kan tí etí rẹ̀ ti bó ni Ìyá Àgbà máa ń bu ti Táíwò àti Kẹ́hìndé sí, àwo kan náà, àwọn méjèèjì á jókòó sórí àpótí, wọ́n á dojú kọ ara wọn. Wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó bóyá ṣíbí ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni àwọn òbí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wàsíù kó lọ sí Ìkòròdú. Wàsíù ni ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ Bọ̀dá Kóòṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré náà, ẹ má dààmú: ẹni tó máa ń dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta nìyẹn, ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá jù lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ẹni yìí ló gbọ́dọ̀ sáré mú un nílẹ̀, kó yí ara padà, kó sì jù ú dé béèsì kìíní kí ẹni tó gbá a tó sáré débẹ̀. Béèsì ni àwọn àmì tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré kàn lọ́kọ̀ọ̀kan; bó bá yí wọn po padà síbi tó ti gbá a, tí wọ́n ń pè ní ilé, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ẹyọ kan. Bó bá ṣe àṣìṣe, gbogbo pápá ló máa rí i. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ dúró síbẹ̀. Ìdíje àwọn ọmọdé ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, Wàsíù sì ti lọ, àwọn méjì péré nínú ẹgbẹ́ ló lè rọ́pò rẹ̀. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn.

Èmi ni mo máa ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún wọn ní iwájú ilé lẹ́yìn ilé ìwé, nítorí náà mo mọ ọwọ́ wọn bí mo ṣe mọ ìró wọn. Apá Táíwò lágbára débi pé bọ́ọ̀lù tó bá jù máa ń lọ tààrà bí okùn tí wọ́n fà. Àwọn tó ń kọjá lójú títì máa ń dúró wò ó. Ti Kẹ́hìndé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kúrò níbi tó wà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ó ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú orí mi. Bí òkúta bá mú kí bọ́ọ̀lù ta kúrò lọ́nà, á kàn yí ọwọ́ díẹ̀, bọ́ọ̀lù á ti wọlé. Kò sẹ́ni tó ń dúró lójú títì láti wo ìyẹn, torí kò sí nǹkan tó dà bíi pé ó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná, Bọ̀dá Kóòṣì wá jókòó tì mí, wọ́n fọwọ́ sínú atẹ, wọ́n ń bá mi ṣà á. Ìyá Àgbà wà nídìí iná, wọ́n kọ̀yìn sí wa.

“Ìdòwú,” Bọ̀dá Kóòṣì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ìwọ lò ń yí bọ́ọ̀lù fún wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ta lo máa fi síbẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“O mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ká jọ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀.” Wọ́n ju òkúta kan síta láti ojú fèrèsé. “Èmi pẹ̀lú ẹ la wá lẹ́yìn ìbejì. Ìdòwú lèmi náà. Wọ́n ní olórí kunkun ni wá. Wò ó bí àwa méjèèjì ṣe ń gbọ̀n nítorí ìyá arúgbó kan.”

“Mò ń gbọ́ ẹ o,” Ìyá Àgbà wí, wọn ò yíjú padà.

“Màámi, ọ̀rọ̀ eré lásán là ń sọ.”

“Eré náà ni mò ń sọ. Tí ọ̀kan bá ṣe é lónìí, kí èkejì ṣe é lọ́la. Kí ló le níbẹ̀? Ṣé àga ọba ni?”

Bọ̀dá Kóòṣì fẹ́ ṣàlàyé pé ibi tí wọ́n ń sọ yẹn, bí oríṣìíríṣìí ènìyàn bá ń dúró síbẹ̀, àwọn tó kù ò ní mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti wá. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn ìyá wọn, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gbé e mì. Mi ò lè bú wọn. Ẹni tó bá ti mọ ìtàn bàtà yẹn, báwo ni yóò ṣe la ẹnu kó ní òun fẹ́ mú ọ̀kan, kí òun fi ọ̀kan sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ṣe. Sátidé yìí, Táíwò. Sátidé tó tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé. Gbogbo wa rò pé àlàáfíà dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, òjò lé wọn kúrò lórí pápá kí wọ́n tó ṣe dé ìdajì, Táíwò sì ní òjò ló gba ọjọ́ òun, pé kí wọ́n dá a padà fún òun.

“Ṣé èmi ni mo rọ òjò?” Kẹ́hìndé bi í.

“Mi ò mọ̀. O dákẹ́ jù, ẹni tó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ òjò í rọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Omi ìwẹ̀ ta ló kún jù? Ẹran ta ló légungun? Wọ́n wá ẹní kejì, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín ilẹ̀ yàrá kí ẹní ọ̀kan má bàa sún sí ti èkejì. Bí wọ́n bá jókòó ti àwo ẹ̀wà, Táíwò á ní ibi tí epo wà ni Kẹ́hìndé dojú kọ, títí tí ó fi sú Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé àwo ńlá náà pamọ́, wọ́n mú àwo kéékèèké méjì jáde, wọ́n sì ń fi ṣíbí kan náà bù ú sí wọn, ṣíbí fún ibí, ṣíbí fún ọ̀hún, kò gbọ́dọ̀ kún ju ara wọn lọ. Mo jókòó, mò ń wo ṣíbí náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ọkàn mi sì bà jẹ́, mi ò mọ ìdí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun pọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgbà tí a wọ̀n ọ́n dọ́gba tán ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé ọjọ́ kan ò lè jẹ́ ti ọmọ méjì. Bọ̀dá Kóòṣì wá ṣe ohun tí mo rò pé kò sí kóòṣì kankan láyé tó máa ṣe é àfi ọmọ Ìyá Àgbà. Wọ́n pín ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá jáde lọ mú bọ́ọ̀lù nígbà àkọ́kọ́, Táíwò á dúró sí ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù, Kẹ́hìndé á sì dúró nítòsí rẹ̀ lápá ibi béèsì kejì. Bí wọ́n bá tún jáde, wọ́n á pààrọ̀ ara wọn. Màmá wa pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì lọ́jọ́ náà, èmi pẹ̀lú wọn jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Oòrùn mú gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa, Màmá wa sì ń sọ pé, “Ṣé o rí i? Ṣé o rí i pé kò le?” Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè, kò jìnnà, ó kàn ga ni, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ ní àárín gbùngbùn àwọn méjèèjì. Ìgbà Kẹ́hìndé ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù irú rẹ̀ ti wá nígbà tó ṣáájú, Táíwò ló sì mú un. Àwọn méjèèjì gbójú sókè, àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Tèmi ni!” Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Iwájú orí Kẹ́hìndé gbá ẹnu Táíwò. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, kò sì sí nínú ìró tí mo mọ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó yí lọ díẹ̀, ó dúró.

Táíwò ni kò tètè dìde. Ẹ̀jẹ̀ ti bo àgbọ̀n rẹ̀, ó bọ́ sára aṣọ funfun ẹgbẹ́. Màmá wa ti sáré débẹ̀ kí n tó lè gbé ẹsẹ̀. Èmi kò lè kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó ń lọ nínú ọkàn mi ni pé Táíwò ló tún kàn, pé Táíwò ni ti Ìyá Àgbà náà, pé ó ti wo ẹsẹ̀ ìkejì rẹ̀, ó ti rí bàtà, ó sì ti ń lọ. Mò ń gbàdúrà, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó má bínú, pé a máa fún un ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ó tu eyín kan sí ọwọ́, ó wò ó, ó sì fi ètè tó ti wú sọ fún Kẹ́hìndé pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìwọ lo ni èyí. Mú un.” Kẹ́hìndé bú sẹ́kún níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kókó ti yọ sí iwájú orí tirẹ̀ náà bí ẹyin adìyẹ. Nọ́ọ̀sì kan tó ní kẹ́míìsì lójú ọ̀nà ilé wa fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó sì ní ètè náà á san. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà yẹ àwọn méjèèjì wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì rí i pé ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n rí kókó orí Kẹ́hìndé. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dúpẹ́ pé àwọn méjèèjì ló fara pa.

Bọ̀dá Kóòṣì ò gbé àpò bọ́ọ̀lù jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Ògiri ọgbà dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ, garawa, ìgbálẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé náà dà bí ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ. Lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Ìyá Àgbà ń múra láti bu oúnjẹ, Bọ̀dá Kóòṣì wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ilé ìdáná.

“Màámi, ẹ má bínú sí mi. Kẹ́hìndé ni yóò máa dúró síbẹ̀. Ojoojúmọ́. Táíwò á lọ sí ẹ̀yìn pápá, lápá òsì.”

Ìyá Àgbà di ṣíbí mú. “Kí ni Táíwò ṣe fún ẹ?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni. Kẹ́hìndé ló mọ ibẹ̀ jù.”

“O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Táíwò mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Màámi.” Wọn ò tíì gbórí sókè. “Bàtà kọ́ ló pa á. Ibà ni.”

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Màmá wa sọ pé, “Ah, ìwọ yìí,” ṣùgbọ́n ohùn wọn kéré. Ìyá Àgbà rọra gbé ṣíbí lé orí ìkòkò, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọn ò jẹun. Kẹ́hìndé wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Táíwò ń fi ṣíbí mu ògì rẹ̀ nítorí ètè rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ Táíwò kì í dákẹ́ rárá.

Dídákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nígbà tí ìgbálẹ̀ yẹ kó ti máa ró níta tí kò sì ró, mo dìde, mo lọ sí yàrá wọn. Kẹ́hìndé ti jáde lọ pọn omi. Táíwò dùbúlẹ̀ gbọnrangandan. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka mi sábẹ́ imú rẹ̀ bóyá màá rí èémí.

Ó lajú. “Ìdòwú, kí lò ń wá nínú imú mi?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì wà.”

“Níbo ni mo fẹ́ lọ?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bàtà, Táíwò Ìyá Àgbà, bí wọ́n ṣe máa ń padà síbi tí wọ́n ti wá bí a bá rẹ́ wọn jẹ. Mò ń sunkún, mò ń fi apá nu imú. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì jókòó.

“Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ,” ó ní. “Èmi ni mo lọ bá Bọ̀dá nínú yàrá wọn. Mo ní kí wọ́n fi Kẹ́hìndé síbẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti débẹ̀, mo ti wò ó. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, èmi máa ń ronú bí mo ṣe máa jù ú kí gbogbo ayé lè rí i. Kẹ́hìndé kì í ronú nǹkan kan, ó kàn ti wà níbẹ̀ ni. Ṣebí wọ́n ní èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ wo ibi gbogbo? Mo ti wò ó fún un. Mo ní kó máa bọ̀.”

“Kò dùn ẹ́?”

“Ó dùn mí. Ètè mi ń dùn mí jù ú lọ. Má sọ fún Kẹ́hìndé o, tó bá mọ̀, á kọ̀ ọ́. Lọ pọn omi, ìwọ awáǹkan-nínú-imú.”

Kò ní kí n má sọ fún Ìyá Àgbà. Mo kan ilẹ̀kùn wọn, mo wọlé, mo sì sọ ọ́ láìmí, gbogbo rẹ̀, àní ìka àti imú. Ìyá Àgbà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìborùn lórí itan. Wọ́n ní kí n tún ibi tó ti sọ pé òun wò ó fún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ká ìborùn náà sí méjì, wọ́n tún un ká. “Ó ní kó máa bọ̀,” wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń ṣe eré ọ̀hún?” Kí n tó dé ìdí kànga, mo gbọ́ ìgbálẹ̀.

Mo ti bi Táíwò léèrè láìpẹ́ yìí bóyá òótọ́ ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí ó kàn rí ọmọdé tó ń sunkún ni. Ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Costain báyìí, mo sì pè é nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń béèrè, mo ṣàlàyé pé kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ọgbẹ́ sílẹ̀, pé mo kàn máa ń ronú nípa rẹ̀ bí mo bá ní láti yan nǹkan kan láàárín méjì. Ó jẹ́ kí n sọ tán. “Ìdòwú,” ó ní, “o ṣì ń wá nǹkan nínú imú mi.” Ó sì pa fóònù. Nítorí náà, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ibẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e síbẹ̀. Bóyá ohun méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.

Ìyá Àgbà wá sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀lé àárọ̀ tí mo kan ilẹ̀kùn wọn. A gbé àga oníke fún wọn sábẹ́ agboòrùn, wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mọ nǹkan kan nínú eré náà, wọ́n sì ń bi mí bóyá ẹni tó di igi mú yẹn ò ní fi gbá ọmọ ẹlòmíràn. “Àwọn wo ni tiwa?” Mo nàka sí Kẹ́hìndé, mo nàka sí Táíwò, tó jìnnà réré lẹ́yìn, tó kéré bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìyá Àgbà wo àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Eré ọjọ́ náà ti ń lọ sópin nígbà tí ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù gba orí Kẹ́hìndé kọjá lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì. Ọmọ mìíràn tó ti wà ní béèsì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ nílé. Àwọn èèyàn dìde níwájú wa, mi ò rí nǹkan kan mọ́ ju ẹ̀yìn aṣọ lọ. Mo kàn gbọ́ ọ ni. Gbàà: bọ́ọ̀lù ti kúrò lápá Táíwò, ó lọ tààrà bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé tó ti sáré lọ pàdé rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ tó kí ènìyàn mí, pá: Kẹ́hìndé ti yíra padà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ọmọ tó ń sáré bọ̀ kò sì tíì dé. Ìró méjì tí mo ti ń gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú yàrá ni, wọ́n sì di ìró kan. Mo di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. Wọ́n fi ọwọ́ kejì bo tèmi.

A ò borí lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ kejì fi ẹyọ kan ṣoṣo borí wa, Táíwò sì ń ṣàròyé láti pápá dé ilé. Nígbà tí ẹ̀wà jinná, Ìyá Àgbà wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé àwo tánganran ńlá náà jáde, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n sì da ẹ̀wà sí i láti inú ìkòkò láìwọn nǹkan kan. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n dojú kọ ara wọn. Ẹnu Táíwò ò tíì san tán, ṣùgbọ́n ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fi ebi ránṣẹ́ sí.

“O ti jẹ tìrẹ, o ti wọnú tèmi,” Kẹ́hìndé wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ rán mi ṣáájú?”

Mo gbójú sókè wo Ìyá Àgbà. Wọ́n gbọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí wọn nídìí iná, ṣíbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò sì gbé e.